Ẹ́ńjìnnì Ajẹgi ní Ìlárá, 1984

Ọjọ́ Ajé, 6 Fẹ́búárì 1984

Mo tún ti Ṣàgámù dé lọ́wọ́ òfìfo. Gbogbo ilé epo tó wà lójú títì ni mo dé, kò sẹ́ni tó ní dísù tí ẹ́ńjìnnì mi ń mu. Lẹ́yìn gáréèjì, ọkùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan jáde. Iye tó pè é kò ṣeé gbọ́ létí. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ gbá mi nímú. Mo dé e padà, mo ní kó máa gbé e lọ.

Ọyẹ́ mú gan-an lónìí. Ètè mi ti là, mi ò lè rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gẹ́ Ìyá Sàdíátù ti wà níwájú ilé ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń lọ ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Ó ti ń dúdú nínú. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gàárì ní Ìlárá, ibi tó bá sì kọjú sí làwọn yòókù ń kọjú sí. Kò bú mi. Ó kàn jókòó, ó ń fi ọ̀bẹ gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ó ń jù ú fún ewúrẹ́. Ì bá sàn fún mi kó bú mi.

Ọjọ́rú, 8 Fẹ́búárì

Dúrótìmí àbúrò mi, tí mo ń pè ní Dúró, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́ ní Ṣàgámù ṣáájú Kérésì ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wa, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí oúnjẹ. Lónìí, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé igi lè máa gbé ẹ́ńjìnnì yín ṣiṣẹ́?”

Mo ní kó jẹun, kó yéé dá mi lára yá.

“Mi ò ṣeré. Òyìnbó tá a jọ wà níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé nígbà ogun Hítílà, igi ni mọ́tò ń jẹ nílùú àwọn. Ẹ máa kó igi sínú dúrọ́ọ̀mù tó dé pa, ẹ máa fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí. Kò ní lè jóná tán. Èéfín tó bá jáde níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbaná. Òun la máa fún ẹ́ńjìnnì mu.”

“Kò ní lo dísù rárá?”

“Á lò ó, àmọ́ díẹ̀. Òun la ó máa fi ṣáná sí i. Igi ló máa ṣe iṣẹ́ tó kù.”

Mo wo ojú ọkọ mi. Olùkọ́ ni ní Ìkẹ́nnẹ́, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó ní, “Ìyá Morónkẹ́, bàbá rẹ ló ni ẹ́ńjìnnì, ìwọ ló fi í sílẹ̀ fún. Ẹ ṣá má sun ilé.”

Mi ò tíì sùn. Mò ń rò ó.

Àbámẹ́ta, 11 Fẹ́búárì

A ti bẹ̀rẹ̀. Mo ra dúrọ́ọ̀mù onírin méjì ní Ṣàgámù, ọ̀kan ti jo nídìí, Dúró ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. A kó wọn lọ bá Tàjúdéènì wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀. Ọkùnrin náà fetí sí Dúró títí, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi: “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ rán an níṣẹ́ yìí?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa. Torí tó bá bú gbàmù, ọ̀dọ̀ yín ni mo máa júwe fún ọlọ́pàá.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ètè mi sì tún là.

Ìṣẹ́gun, 14 Fẹ́búárì

Iná mọ̀nàmọ́ná ò sí ní Ṣàgámù. Tàjúdéènì ò lè jó nǹkan kan. A jókòó títí, a padà wálé.

Àìkú, 19 Fẹ́búárì

Lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó Àlùfáà bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo fẹ́ máa fi igi ìdáná wa ẹ́ńjìnnì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní òun á máa fi wá sínú àdúrà. Bó ṣe wò mí, ó dà bíi pé orí mi ló fẹ́ gbàdúrà fún.

Dúrọ́ọ̀mù ti délé. Ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, nínú ilé. Dúró ní òjò ò gbọ́dọ̀ bà á, àwọn olè náà ò sì gbọ́dọ̀ rí i. Igi máa gba òkè wọlé, iná á wà láàárín níbi tó ti fún bí ọrùn ìkòkò. Ọ̀fun ni Dúró ń pe ibẹ̀. Amọ̀ àti irin ló fi mọ ọ́n, ó sì ń fi ọwọ́ rà á lára bí ẹni tó ń fi òrí pa ọmọ lára. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bó bá fẹ̀ jù, èéfín lásán la ó rí. Bó bá fún jù, ẹ́ńjìnnì ò ní rí nǹkan mu.

Láti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù, páìpù gígùn kan gba inú dúrọ́ọ̀mù kejì tí omi wà kọjá, kí gáàsì lè tutù, kó tó dé inú agolo tí a di ihá ẹyìn sí láti fi sẹ́ ẹ. Ihá yẹn, èmi ni mo fọ̀ ọ́, mo sì sá a.

Ọjọ́bọ̀, 23 Fẹ́búárì

Èéfín. Èéfín funfun láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Aládùúgbò méjì gbé omi wá pé ilé ń jó.

Ẹtì, 24 Fẹ́búárì

Ó gbaná! Dúró fi ìṣáná kan ẹnu páìpù, iná sì gbà á bùlà, ó dúró, kò kú, àwọ̀ rẹ̀ bí ti òdòdó ewúro. Èmi àti Dúró kàn ń wò ó ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, bí ìgbà tó ṣì kéré tí mò ń mú un lọ sí ilé ìwé.

Àbámẹ́ta, 25 Fẹ́búárì

Mo yí ẹ́ńjìnnì fúnra mi. Dísù tó kù nísàlẹ̀ táǹkì la fi ta á jí. Nígbà tó ti ń sáré dáadáa, Dúró rọra ṣí gáàsì sí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yí ohùn padà, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró lórí ohùn yẹn. Dúró ti dísù sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ò kú. A lọ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mẹ́ta. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Sàdíátù ló kọ́kọ́ pè é ní Ajẹgi, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tó di agbọ̀n kẹrin, ó fà, ó fà, ó dákẹ́. Mo fẹ́ tún un yí, kò yí. Bíi pé wọ́n fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ajé, 27 Fẹ́búárì

A tú orí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà dúdú ló kún ibi tó ti ń mí, ó gan bí oyin tó ti pẹ́. Kẹrosíìnì la fi ń fọ̀ ọ́, a tún fi abẹ ha á. Èékánná mi ti dúdú, Bàbá Morónkẹ́ ní òun ò lè jẹ ẹ̀bà tí mo bá fi ọwọ́ yìí tẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó sì tẹ̀ ẹ́. Kókó ló kún inú rẹ̀.

Dúró fi ìka kan ọ̀dà náà wò. Ó wá ní, “Igi tútù ni, Àǹtí. Mo kánjú. Igi tí kò gbẹ ló ń da ọ̀dà.”

Ọjọ́bọ̀, 1 Máàṣì

Mo lọ bá àwọn onípákó lọ́nà Ìlíṣàn. Àkékù pákó tí wọ́n ń sun dànù ni mo ní kí wọ́n máa kó fún mi. Olórí wọn bi mí bóyá ilé búrẹ́dì ni mo fẹ́ ṣí. Mo ní ẹ́ńjìnnì mi ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ó ní kí n máa kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́, òun ò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

A ń gé e wẹ́wẹ́, bí ẹran tí wọ́n fẹ́ dín. A ń sá a sórí páànù. Oòrùn Máàṣì dára fún un. Ọ̀tá mi ni oòrùn yìí tẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 6 Máàṣì

Ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán láìkú. Dísù tó jẹ kò kún agolo mílíìkì.

Àbámẹ́ta, 10 Máàṣì

Gbogbo Ìlárá ló kó ẹ̀gẹ́ wá, àwọn kan ti abúlé ẹ̀yìn odò wá. Dúró dúró ti Ajẹgi, ó ń bu igi sí i, ó ń wo iná, aṣọ rẹ̀ dúdú bí aṣọ ẹlẹ́dùú, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín báyìí láti ìgbà tó ti kúrò níbi iṣẹ́. Ọkùnrin kan láti Ìpẹ̀rú tó ní ẹ́ńjìnnì ìfọ́ èkùrọ́ wá wò ó, ó yí i po, ó ní òun á padà wá.

Orí ń fọ́ èmi àti Dúró ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn pọ̀ jù lónìí.

Ọjọ́rú, 14 Máàṣì

Orí fífọ́ náà tún dé. Ó máa ń lọ bí mo bá ti kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì. Mo lo oògùn orí fífọ́ méjì.

Àìkú, 18 Máàṣì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí rẹ̀ lọ́nà mìíràn.

Lánàá ni àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé, eruku bo ojú gbogbo wa. Bí òjò bá kan bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, yíyọ̀ ló máa yọ̀, ẹ̀gẹ́ ṣì wà nílẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà mo ti fèrèsé méjèèjì, mo sì fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé. Èmi ni mo tì í. Dúró wà nínú. Èmi àtàwọn obìnrin dúró sábẹ́ òrùlé níwájú, níbi tí à ń da ẹ̀gẹ́ sí, a ń yọ̀ pé òjò ti dé.

Ohùn ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo rò pé igi ló tán nínú rẹ̀. Mo pe Dúró. Mo tún pè é. Òjò ń lu páànù, mo rò pé kò gbọ́ ni.

Nígbà tí mo wọlé, ó ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ó ti ṣí ọmọrí láti bu igi sí i, ọmọrí náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí èéfín púpọ̀ nínú ilé. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí di ìsinsìnyí nìyẹn, pé kò sí ohun tí ojú mi rí. Mo gbá a mú lábẹ́ apá, mo ń fà á, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ bí ẹni pé tèmi kọ́. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Sàdíátù lókèèrè, bíi pé ó ń pè mí láti ìsàlẹ̀ kànga. Òun ló di ẹ̀yìn bùbá mi mú, tó wọ́ èmi àti Dúró pọ̀ sínú òjò.

Onípíkọ́ọ̀pù tó ń ra obì ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n fi ọ́síjìn sí Dúró nímú. Dókítà bi mí lóhun tí à ń sun. Mo ṣàlàyé fún un. Ó di ojú rẹ̀ díẹ̀. “Mà, gáàsì yẹn kì í rùn, kì í ta ni lójú. Tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gidi ráyè. Orí tó ń fọ́ yín tẹ́lẹ̀, òun ni.”

Dúró ò tíì lajú.

Ajé, 19 Máàṣì

Ó lajú ní ìyálẹ̀ta. Ó mọ̀ mí. Ó bèèrè omi. Ọlọ́run, mo dúpẹ́.

Ẹtì, 23 Máàṣì

A ti gbé e wálé. Bàbá Morónkẹ́ dúró títí Dúró fi sùn, ó wá pè mí síta.

“Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó sọ ọ́ fún ọ, kó má bàa dà bí ìbínú. Tú nǹkan yẹn palẹ̀.”

“Mo gbọ́, sà.”

“Ṣé o gbọ́, àbí o gbà?”

Mi ò fẹ́ parọ́ fún un.

Ìyá Sàdíátù náà wá kí Dúró. Ó gbé ẹyin adìẹ wá. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun ò ní gbé ẹ̀gẹ́ wá sọ́dọ̀ mi mọ́, kí n má bínú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí ẹni tó fà mí jáde?

Ìṣẹ́gun, 27 Máàṣì

Ọwọ́ ọ̀tún Dúró ń gbọ̀n. Ó ń gbàgbé nǹkan. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí bóyá bàbá wa ti jẹun. Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ní ẹ̀kẹta, mo ní ó ti jẹun.

Dókítà ní ó lè padà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa padà.

Ẹtì, 30 Máàṣì

Mo gba ẹ̀yìnkùlé Ìyá Sàdíátù kọjá. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé páànù olójú síwájú, ó ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́. Ó ti fi àkísà wé ìka rẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ ti là á jáde. Gàárì tó máa rí níbẹ̀ ò lè tó ilé rẹ̀ jẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé á tà níbẹ̀. Àwọn tó kù ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń ru tiwọn lọ lọ̀ ní Ìlíṣàn, torí àwọn onímọ́tò náà ò rí epo.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gba páànù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń bá a rin ín.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Àtinúkẹ́, o ṣì fẹ́ ṣe é.”

“Ẹ̀rù ń bà mí, mà.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ṣì ń rí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn nínú omi òjò.” Ó tún àkísà ìka rẹ̀ so. “Ta ló ní kí dúrọ́ọ̀mù yẹn wà nínú ilé? Tó o bá máa dá a padà, gbé e síta gbangba. Ibi tí ojú gbogbo wa á ti máa rí ẹni tó bá dúró tì í.”

Mo padà sílé, mo lọ dúró sẹ́yìn ilé ẹ́ńjìnnì, mo ń wo ògiri.

Àìkú, 1 Épírì

Mo sọ fún Bàbá Morónkẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mi ò fi pamọ́. Ó fi ìwé tó ń kà bo ojú.

“Mo ti sọ tèmi,” ló wí.

“Ẹ ti sọ ọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn wá wo ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.”

Mo rò pé kò ní dìde. Ó dìde. Mo fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní, “Jìnnà sí i.” Mo sún un. “Jìnnà sí i.” Mo sún un títí ó fi kan ìdí igi ìyeyè. Ó dúró, ó ń wo apá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

“Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá dúró tì í.”

“Kò ní ṣẹlẹ̀.”

“Ògiri ẹ̀yìn yẹn sì gbọ́dọ̀ wó, kí ilé ẹ́ńjìnnì máa gba afẹ́fẹ́ tọ̀sán tòru.”

Ó wọlé padà lọ ka ìwé rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Épírì

A wó ògiri. Tàjúdéènì wá pẹ̀lú òòlù ńlá, àwọn obìnrin ń kó bíríkì. Nígbà tí a gbé dúrọ́ọ̀mù Ajẹgi jáde, ọ̀fun rẹ̀ fọ́ sínú. Amọ̀ tí Dúró fi ọwọ́ rà ti dà sílẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Mo lọ bá Dúró nínú yàrá. Mo bi í bí ọ̀fun náà ṣe fẹ̀ tó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi hàn mí, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó ń fẹ̀, ó ń sún mọ́ra, kò mọ ibi tó máa dúró sí.

“Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ahọ́n mi.”

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́. Mi ò ní bi í mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Épírì

Mo da iyanrìn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìfọ́kù amọ̀ náà pọ̀, bí ẹni tó ń to ìkòkò tó fọ́. Àwọn kan ti di ìyẹ̀fun. Èyí tó kù tó láti fi mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe yí, àmọ́ apá kan ò sí níbẹ̀. Mo fojú díwọ̀n ìyẹn. Tàjúdéènì ní òun ò rí obìnrin tó lórí kunkun báyìí rí. Mo ní kó jó irin náà fún mi, kó yéé wo orí mi.

Ajé, 9 Épírì

Mo ṣáná sí i. Ọ̀fun fẹ̀ jù. Èéfín funfun, ọ̀dà nínú ihá. Mi ò ṣí i sí ẹ́ńjìnnì rárá, mo ti kọ́gbọ́n. Mo jẹ́ kó tutù, mo tú u, mo rẹ amọ̀ mìíràn.

Ìka ọwọ́ òsì mi jóná.

Ọjọ́rú, 11 Épírì

Mo tún un mọ, ó fún díẹ̀. Òjò bà á kó tó gbẹ. Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 14 Épírì

Ó gbaná. Iná náà dúró lẹ́nu páìpù, kò mì.

Kí n tó yí ẹ́ńjìnnì, mo wo gbogbo ojú àsopọ̀ páìpù, mo fi omi ọṣẹ pa wọ́n lára bí Tàjúdéènì ṣe ní kí n ṣe. Ìfófòó yọ níbì kan. A tún un jó. Ìgbà náà ni mo tó yí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gba gáàsì, tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa dúró, à ń wo ẹnì kejì wa, bóyá ẹnì kan máa ṣubú. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Orí ò fọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Sàdíátù gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ igi ìyeyè níbi tó ti lè rí ẹni tó ń bu igi, kò sì dìde níbẹ̀ títí a fi pa á.

Síbẹ̀, kò fà tó ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀, ó máa ń mí hẹlẹ. A ń fi sùúrù bù ú sí i díẹ̀díẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 24 Épírì

Ọdún Àjíǹde ti kọjá. Wọ́n ní owó náírà á yí àwọ̀, gbogbo ìlú ń sáré lọ sí báǹkì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba owó àtijọ́, kò sì sẹ́ni tó tíì rí tuntun. Àwọn obìnrin ń fi gàárì san owó ìlọ̀ fún mi. Igbá gàárì kún ilé.

Dúró rìn dé ojúde lónìí. Kì í fẹ́ wo apá ibi tí ilé ẹ́ńjìnnì wà. Bó bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, yàrá ló ń wọ̀. Mi ò fipá mú un.

Àbámẹ́ta, 28 Épírì

Ẹ̀gẹ́ pọ̀ lónìí. Láti ìdájí ni mo ti wà lórí ìnàró. Ajẹgi ń mí hẹlẹ bó ṣe máa ń ṣe, mo ti dín ẹ̀gẹ́ kù, mo ti fọ ihá, mo ti pààrọ̀ igi, kò yàtọ̀. Ní bí ọ̀sán gangan, mo rí i tí Ìyá Sàdíátù dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Dúró ló dúró ní ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, kò wọ bàtà. Ó gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Mi ò mọ̀ bóyá kí n pè é tàbí kí n pa ẹ́ńjìnnì.

Ó ní, “Àǹtí, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń pò mọ́ ọn ti pọ̀ jù.”

“Níbo?”

“Níbi tó ti ń wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ń fún un ní afẹ́fẹ́ bí ìgbà tó ń mu dísù nìkan. Gáàsì ò rọ́nà wọlé.”

Mo ní kó fi hàn mí. Ó wo dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ igi ìyeyè, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì wá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó nà án. Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó sì fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà yí fáàfù kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé dé díẹ̀, ó dúró, ó gbọ́, ó tún yí i díẹ̀ sí i.

Ẹ́ńjìnnì kó ohùn rẹ̀ jọ. Ó fà. Bẹ́líìtì le gbọingbọin.

Dúró gbé ọwọ́ kúrò, ó yíjú sí àwọn obìnrin tí agbọ̀n wọn ti tò dé ojú ọ̀nà.

Ó ní, “Ẹ dà á sí i.”